Ọkọ̀ Tó Ga Ju Ojú Ọ̀nà Lọ

Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní mo kọ̀ láti fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ náà dára. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní mo fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ náà dára. Lẹ́tà méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Òǹtẹ̀ kan náà ló wà nísàlẹ̀ wọn.

Màá ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n kó máa rántí pé orúkọ mi ni wọ́n fi ṣeré.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ niṣẹ́ mi. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe iná. Ohun tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ni tèmi: sípíríìnì tó ń gbé ọkọ̀ ró, àti ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kó máa fò kiri bí ewúrẹ́. Mi ò lọ sílé ìwé fún un. Ara páálí tí wọ́n fi ń di ṣọ́ọ̀kì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nígbà tí mo ti bímọ méjì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo lẹ́tà ní ńláńlá títí dòní. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ojú ọ̀nà. Ìyá Sípíríìnì ni wọ́n ń pè mí.

Mo ní àṣà kan tí gbogbo gáréèjì mọ̀. Bí mo bá tún ọkọ̀ ṣe tán, màá fa téèpù yọ, màá wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí irin tó bo táyà lórí, màá sì kọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Kò sí ìwé tí mo fọwọ́ sí rí tí nọ́ńbà kò sí lára rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀.

Iléeṣẹ́ wa ní píkọ́ọ̀pù funfun kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń gun òkè lọ kó àwọn aláìsàn abúlé mẹ́ta wá sílé ìwòsàn, á sì dá wọn padà lọ́sàn-án. Ìyá mi wà lára wọn. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ fún un. Awakọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí a ń pè ní Má-Sáré. Ọ̀nà òkè yẹn burú, ẹ má jẹ́ ká bò ó. Kòtò kan wà níbi tó ti yí, lẹ́bàá ilé ìyá mi, tó fẹ̀ tó yàrá. Àwọn ará òkè kọ lẹ́tà pé kí a jọ̀ọ́ wá dí i. Lẹ́tà yẹn ló gúnlẹ̀ sórí tábìlì Olùdarí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Olùdarí wa jẹ́. Ara rẹ̀ kò ga. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà kò ga. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èmi ti gbà. Tìmùtìmù mẹ́ta ló wà lórí àga rẹ̀. Àlejò tó bá wọlé, àpótí kan tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò jókòó lé. Èmi ni wọ́n ní kí n gé e, nítorí náà mo mọ iye tí mo gé. Láràárọ̀, bó bá ti ń bọ̀ láti géètì, akọ̀wé rẹ̀ yóò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ké bí ẹni tí iná jó:

“Ẹ dìde o! Atọ́nà-fún-ọ̀nà ti dé! Ẹni tí títì ń kí ní ẹ káàárọ̀! Ẹni tó bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á ní ẹ ṣeun!”

Olùdarí á sì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni pé ó ti tó, ṣùgbọ́n kò ní gbé e sókè tó láti dá a dúró.

Ẹ lè máa bi ara yín bí mo ṣe mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá rẹ̀. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá náà sí gáréèjì wa. Ẹni tó lè gbọ́ sípíríìnì tó fẹ́ ṣẹ́ kó tó ṣẹ́, ariwo ẹnu Olùdarí kò ní sá fún un.

Ó pe ìpàdé lórí lẹ́tà náà. Ó dúró lórí pẹpẹ.

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi,” ló wí, “mo ti ka lẹ́tà àwọn ará òkè, mo sì bá wọn kẹ́dùn fún àìmọ̀kan wọn. Wọ́n ní ọ̀nà burú. Mo bi yín: kí ni ọ̀nà ṣe? Ọ̀nà dúró síbi tó wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á, kò yẹsẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló ń lọ bá a nílé? Ọkọ̀ ni! Bí ọkọ̀ bá lọ bá ọ̀nà, tí wọn kò gbọ́ra yé, èwo ló yẹ ká bá wí?”

“Ọkọ̀ ni, sà!” ni akọ̀wé.

“Kòtò kò jìn. Ọkọ̀ ló kúrú!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ife omi fi ṣubú lórí tábìlì. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni nínú iléeṣẹ́ má ṣe pe nǹkan ní kòtò mọ́. Láti ìgbà náà, “ibi tí ọ̀nà ti sinmi” ni ká máa pè é. Olùtọ́jú ilé-ìpamọ́ ẹrù ní láti tún fọ́ọ̀mù ogójì kọ. Obìnrin náà bi mí pé, “Ìyá Sípíríìnì, bí ọmọ mi bá ṣubú sínú ẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n ní ó lọ sinmi ni?” Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, nítorí pákó.

Lẹ́yìn náà ni Olùdarí wá sí gáréèjì, akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá Sípíríìnì, ẹ gbé píkọ́ọ̀pù yìí sókè.”

Mi ò bá a jiyàn. Ọkọ̀ tó ń gun irú òkè yẹn yẹ kó ga díẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, “Ó ṣeé ṣe, ọ̀gá. Màá gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Màá fi sípíríìnì tó gùn sí i, àti ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Màá fi gígùn kún rọ́bà bíréèkì kó má baà já, màá wá tún táyà tò kó dúró ṣánṣán. Ọjọ́ mẹ́rin péré.”

“Márùn-ún?” Ó wo akọ̀wé. Akọ̀wé mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. “Ìyá, ṣé ọkọ̀ Olùdarí lẹ̀ ń sọ ni, àbí àpótí ìdáná?”

“Ọkọ̀ àwọn aláìsàn ni, ọ̀gá.”

Akọ̀wé wúkọ́ lórúkọ ọ̀gá rẹ̀.

“Mélòó lẹ fẹ́ nígbà náà?” ni mo bi Olùdarí.

Ó fi ọwọ́ lé àyà. “Ibi tí ẹsẹ̀ mi máa wà nínú ọkọ̀, kó ga tó ibí.”

Ẹni tó bá fún mi níwọ̀n, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Mo fa téèpù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, mo fà á dé àyà rẹ̀. Akọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó jọ pé wọn kì í wọn Olùdarí. Mo wo nọ́ńbà, mo wo ilẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀.”

Olùdarí fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi ti parí, lẹ́tà ló kàn pẹ́ kó tó dé.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ga báyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ọjọ́ tó bá fẹ̀gbẹ́ kan wọ kòtò kò ní dìde. Mo ní aláìsàn kan kò ní lè gùn ún.

“Ẹ sọ kí ni?” ni akọ̀wé.

“Ibi tí ọ̀nà ti sinmi.”

Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá, ẹni tó bá fẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá a.”

Wọ́n lọ pe wẹ́dà kan láti ìta. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ó to irin sísanra léra wọn bíi bíríkì, mẹ́rin mẹ́rin, ó kì wọ́n bọ abẹ́ sípíríìnì, ó sì jó wọn lẹ́nu pọ̀. Ọkọ̀ gòkè díẹ̀, ó dúró. Akọ̀wé bi í pé kí ló ń fà á wálẹ̀. Wẹ́dà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀kì: wọ́n ti kúrú jù, wọ́n ti nà tán.

“Ẹ yọ wọ́n,” ni Olùdarí wí. “Mi ò fẹ́ ohunkóhun tó ń fà wá sẹ́yìn nínú iléeṣẹ́ yìí.”

Wọ́n yọ wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kó wọn pamọ́ sábẹ́ tábìlì mi bí ẹni tó ń gba ọmọ tọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Inú gáréèjì ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà ga. Nígbà tí Má-Sáré fẹ́ wà á jáde, orí ọkọ̀ kọ lu òkè ẹnu ọ̀nà, gbà! Ó fi ìbú ọwọ́ kan ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Mo ní kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, á kọjá.

“Ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ Olùdarí tẹríba fún ilẹ̀kùn?” ni akọ̀wé bi mí.

Wọ́n wó ògiri náà. Olùdarí dúró lórí òkìtì bíríkì, ó ní láti òní lọ, ẹnu ọ̀nà kankan kò ní kéré sí ìran wa. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, ó sì rọ̀ sórí irinṣẹ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i: pé mo ti yẹ ọkọ̀ wò, pé ó yẹ fún òkè. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní kí n kàn kọ orúkọ. Mo ní bí mo bá kọ orúkọ, màá kọ nọ́ńbà; bí mo bá sì kọ nọ́ńbà yẹn, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé orí mi ti dàrú. Ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́tà àkọ́kọ́ dé. Ó ní wọ́n lé mi nítorí pé mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, ó sì pe ìyẹn ní “ìran tó rẹlẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ gòkè. Wọ́n ti ra àkàbà kan, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, akọ̀wé sì di ẹni tó ń bójú tó o. Aláìsàn mọ́kànlá ló ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Màmá mi wo ọkọ̀, ó wo àkàbà.

“Má-Sáré, ṣé òrùlé lẹ ní kí n gùn ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Mi ò bínú. Orúnkún mi ló ń bínú.” Ó yí padà, ó wọlé. Gbogbo wọn wọlé.

Báyìí, ẹ wá wo ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìròyìn ọjọ́ náà. Olùtọ́jú ilé-ìpamọ́ ẹrù ló kà á fún mi, mo sì sọ ọ́ bó ṣe wà: “Ọkọ̀ gòkè. Kò sí aláìsàn kan tó wọ̀ ọ́. Ó hàn gbangba pé àìsàn ti tán lókè.” Olùdarí kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí wọ́n fi góòlù sí etí ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú. Olú-ìlú kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n rán Olùbẹ̀wò kan pé kó wá wo òkè tí àìsàn ti tán.

Obìnrin àgbà ni Olùbẹ̀wò náà. Má-Sáré ló sọ fún mi bó ṣe rí nísàlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tẹ́ àkàbà fún un. Ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ní ẹ ṣeun, ó ní òun yóò wá alùpùpù. Olùdarí ní kò burú, òun á ṣíwájú kí òkè lè rí òun. Ó gùn ún. Akọ̀wé gbé àkàbà sórí ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Olùbẹ̀wò yà sí abúlé àkọ́kọ́ láti bi àwọn ènìyàn bí ara wọn ti le tó.

Èmi wà lókè, nílé ìyá mi. Iṣẹ́ ti bọ́, mo ní àyè. Èmi ni mò ń fomi gbígbóná wẹ egbò rẹ̀. Màmá jókòó síta, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí.

“Nǹkan kan ń bọ̀,” ló wí. “Ó dà bí ilé.”

Ilé kọ́. Olùdarí ni.

Ọkọ̀ dé ẹnu kòtò, Má-Sáré dúró. Ó ní kí àwọn bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ fúyẹ́. A gbọ́ ohùn Olùdarí láti ojú fèrèsé: “Wakọ̀ jàre! Ọ̀nà ń sinmi níbẹ̀ ni. Má kàn jí i.”

Táyà iwájú wọ kòtò, ó sì jáde. Màá sọ òtítọ́, ó jáde. Olùdarí rí mi, ó juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn wọ̀ ọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó máa dì í mú. Ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, àwọn irin tí wọ́n tò bíi bíríkì yọ kúrò lábẹ́ sípíríìnì òsì. Rọ́bà bíréèkì já, òróró rẹ̀ ń ṣàn. Ọkọ̀ rọra jókòó bí àgbàlagbà. Apá òsì wà nínú kòtò, apá ọ̀tún ń wo ojú ọ̀run, Olùdarí sì wà lápá tó ń wo ojú ọ̀run.

Má-Sáré fò bọ́ sílẹ̀. Olùdarí wo ilẹ̀. Ilẹ̀ jìnnà.

“Àkàbà!” ló kígbe.

Àkàbà wà lórí ọkọ̀ akọ̀wé. Ọkọ̀ akọ̀wé wà nísàlẹ̀ òkè, nínú kòtò àkọ́kọ́, kò lè jáde. Ẹ tún un kà bó bá wù yín: ọ̀nà tí Olùdarí kọ̀ láti tún ṣe ni kò jẹ́ kí àkàbà Olùdarí dé.

Ó wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Màmá mi, tó mọ ìwà ọmọlúàbí, kí i.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?”

“Mo ń ṣàyẹ̀wò ni, Màmá.”

“Kí lẹ̀ ń yẹ̀ wò?”

“Ojú ọ̀nà.”

“Ó dáa. Ṣé ẹ ti rí i?”

Olùdarí gbé ojú sókè. Nígbà tó pẹ́, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. A so ife omi mọ́ orí ọ̀pá tí màmá mi fi ń rìn, a nà án sí i. Ó mu ún. Ó ní kí a fi kún un.

Olùbẹ̀wò dé lórí alùpùpù, eruku bo aṣọ rẹ̀. Ó ti rí aláìsàn mẹ́wàá lọ́nà.

“Ta nìyẹn lókè?”

“Olùdarí ojú ọ̀nà ni, mà,” ni Má-Sáré.

“Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Ó ń ṣàyẹ̀wò,” ni màmá mi. “Mo rò pé ó ti rí i.”

Olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. “Ta ló sọ pé kí èyí wọ ojú títì?”

“Ìwé wà, mà!” ni Olùdarí ké láti òkè. “Ìwé wà! Mẹkáníìkì wa ló fọwọ́ sí i!” Ó tú inú ọkọ̀, ó ju ìwé náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e yí lẹ́ẹ̀mejì, ó balẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Mo mú un. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ìkọ̀rọ̀ tó so lẹ́tà mọ́ lẹ́tà, ó lẹ́wà ju bí èmi ṣe máa ń kọ ọ́ lọ. Òórùn eruku gbóná kún imú mi.

“Ìwọ ni mẹkáníìkì náà?” ni Olùbẹ̀wò bi mí.

“Èmi ni.”

“Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Rárá, mà. Nọ́ńbà kò sí lára ẹ̀.”

Mo ṣàlàyé fún un. Má-Sáré ní òótọ́ ni, gbogbo gáréèjì ló mọ̀. Olùbẹ̀wò gbọ́, ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò. “A ó wò ó,” ló wí.

Alálùpùpù tó gbé Olùbẹ̀wò wá ló fún Olùdarí léjìká níkẹyìn. Ó tẹ èjìká ọkùnrin náà, ó tẹ orí rẹ̀, ó fẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ilẹ̀ tó rí ni ìsàlẹ̀ kòtò, omi òjò ṣì wà níbẹ̀, ó dé e lórúnkún.

“Yéè! Kòtò!” ni Olùdarí ké. “Kòtò ńlá rèé!”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Akọ̀wé kò sí níbẹ̀ láti wúkọ́.

Wọ́n ti gbé Olùdarí lọ sí ilé-ìpamọ́ fáìlì nísàlẹ̀ ilé, níbi tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé. Mo gbọ́ pé òun nìkan ni kì í tẹrí ba, ibẹ̀ sì bá a lára mu. Píkọ́ọ̀pù wà nínú gáréèjì lórí òkúta, lábẹ́ ihò ògiri, òjò ń rọ̀ sí i. Kòtò wà níbi tó wà. Màmá mi ń gun alùpùpù lọ wẹ egbò, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó di ọ̀pá mú, ó sì ń bú awakọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo rò pé wọ́n á pè mí padà. Lẹ́tà kejì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ní wọ́n lé mi pátápátá, nítorí pé èmi ni mo fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ tí kò dára dára. Mo ti lọ sí iléeṣẹ́ náà nígbà mẹ́fà. Ẹni tó jókòó sípò Olùdarí báyìí, akọ̀wé ni. Tìmùtìmù ti di mẹ́rin. Àpótí tí mo gé ni wọ́n ní kí n jókòó lé, mo sì dúró.

Nítorí náà, mo kọ èyí kí gbogbo ènìyàn lè kà á, ẹ̀yin náà pẹ̀lú, Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ìkọ̀wé yín dára tó báyẹn. Ẹ ní èmi ni mo yẹ ọkọ̀ náà wò. Ẹ ní èmi ni mo kọ orúkọ mi. Ó dáa. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Láti àárín táyà dé etí irin, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni? Téèpù mi wà lápò mi, ọkọ̀ ṣì wà nínú gáréèjì, mo sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ wó. Mélòó ni? Ẹ dá mi lóhùn.